Ginger Baker: Onílù Tí Kì Í Ṣe Ọmọ Àyàn

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìran ni ó ń bí onílù. Ọmọ tí a bí sí agboolé Àyàn ni a ń sọ ní Àyàndélé tàbí Àyántúndé, kọ̀ǹgọ́ yóò sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ délẹ̀. Peter Edward Baker kò ní irú orírun bẹ́ẹ̀. Lewisham, ní apá gúúsù ìlú London, ni a ti bí i ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, ọdún 1939. Iṣẹ́ bíríkìlà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ogun àgbáyé kejì sì mú bàbá náà lọ ní ọdún 1943, nígbà tí ọmọ ṣì kéré púpọ̀. Irun orí rẹ̀ tí ó pupa ni ó sọ ọ́ di Ginger. Síbẹ̀, nínú gbogbo onílù òyìnbó tí ó wọ ìlú Èkó, bóyá ni a ó rí èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwọn onílù ilẹ̀ wa tó tirẹ̀.

Kì í ṣe ìlù ni ó kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn, eré kẹ̀kẹ́ ni. Nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ ba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìlù gba ipò kẹ̀kẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ olórin jáàsì káàkiri. Ẹni tí ó la ojú rẹ̀ ni Phil Seamen, ọ̀gá onílù jáàsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó mú un lọ sí ilé rẹ̀, tí ó sì gbé àwo orin àwọn onílù ilẹ̀ Áfíríkà sí i létí. Títí ọjọ́ ogbó ni Baker ń ròyìn ọjọ́ náà. Inú àwùjọ olórin yìí kan náà ni ó ti kó sí panpẹ́ òògùn olóró heroin, kò sì bọ́ nínú rẹ̀ títí di àwọn ọdún 1980.

Kí ni ó gbọ́ nínú àwo yẹn? Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ẹgbẹ́ dùndún rí yóò mọ̀ ọ́n. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú ń rìn tirẹ̀, kẹríkẹrì ń dáhùn, kò sì sí èyí tí ó ń tẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ èkejì gan-an; síbẹ̀ oníjó mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí. Ìlù òyìnbó ayé ìgbà náà kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń kà. Ohun tí Baker fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ni bí ènìyàn kan ṣoṣo yóò ṣe fi ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ṣe iṣẹ́ onílù mẹ́rin, kí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi to ìlù ńlá alátẹ̀lẹ́sẹ̀ méjì síwájú ara rẹ̀. Louie Bellson ti ṣe é rí nínú orin jáàsì, ṣùgbọ́n Baker wà lára àwọn tí ó gbé e wọ inú orin rọ́ọ̀kì. Ó yẹ kí a sọ ọ́ pé ìlù rẹ̀ kò lè ki ènìyàn, kò lè pa òwe. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ó ń sọ ìlù wa di ẹlẹ́nu kò sí níbẹ̀. Ìrìn ìlù ni ó gbà lọ́wọ́ wa, kò gba èdè rẹ̀.

Ní ọdún 1966 ni òun, Eric Clapton àti Jack Bruce dá ẹgbẹ́ Cream sílẹ̀. Baker ni ó lọ bá Clapton, Clapton sì ní òun yóò ṣe é bí Bruce bá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀, nítorí pé Baker àti Bruce ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ Graham Bond, wọ́n sì ti jà níbẹ̀ débi pé Baker fi ọ̀bẹ lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Àwo orin mẹ́rin ni Cream ṣe kí wọ́n tó túká ní oṣù Kọkànlá ọdún 1968. Nínú èyí tí wọ́n pè ní Wheels of Fire, ìlù nìkan ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ‘Toad’, tí ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kékeré àti ńlá ti ń fi àyè sílẹ̀ fún onílù láti dá lù. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìlù sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi Baker kọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn Cream, ó bá Clapton àti Steve Winwood ṣe Blind Faith ní 1969, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Air Force, sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ó pe Phil Seamen ọ̀gá rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ yìí, ó sì pe Remi Kabaka láti ilẹ̀ wa, onílù mẹ́ta lórí ìtàgé kan náà.

Ogun abẹ́lé ilẹ̀ Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Ní 1971, Baker gbé ọkọ̀ Range Rover, ó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó, Tony Palmer sì ya ìrìn náà sí fíìmù. Ní ọdún yẹn kan náà ni òun àti Fela pẹ̀lú Africa 70 ṣe àwo orin kan ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Abbey Road ní London. Orúkọ Baker wà nínú àkọlé àwo náà gbàǹgbà. Tony Allen, ẹni tí ìlù Afrobeat ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, kò sí nínú àkọlé. Bóyá ọ̀rọ̀ ọjà ni, kí àwo lè tà ní ìlú òyìnbó. Síbẹ̀ ó dunni. A kò gbọ́ ọ níbì kankan pé Baker fúnra rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ Allen. Ọmọ ẹ̀kọ́ ni ó bá wá, agídí ọmọ ẹ̀kọ́ ni ó sì ní.

Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 1973 ni ó ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan sí Ìkẹjà, èyí tí ó ń jẹ́ Batakota, tí àwọn mìíràn mọ̀ sí ARC. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà, bàtá ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Nígbà tí Paul McCartney dé Èkó lọ́dún náà láti ṣe Band on the Run, ilé iṣẹ́ EMI ní Àpápá ni ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Inú Baker kò dùn. Kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀, McCartney wá ṣe orin kan ṣoṣo ní Ìkẹjà, Baker sì bá wọn mi agolo tí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni Fela fi ẹ̀sùn kan McCartney pé orin àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó wá jí kó. Ó yẹ kí á ronú sí èyí: òyìnbó méjì ní ìlú kan, a fura sí ọ̀kan, a sì jẹ́ kí èkejì jókòó sídìí ìlù wa. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni pé ọ̀kan wá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èkejì kó ilé rẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n ilé náà kò tọ́. Eré pólò tí Baker kọ́ ní Èkó ń gba owó àti àkókò, ìbínú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí òwò dùn. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí ni ó ti kúrò, tí Batakota sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yorùbá ní ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ni ó ń ya. Ó lọ gbin ólífì ní Ítálì, ó gbé Amẹ́ríkà, ó gbé Gúúsù Áfíríkà, gbèsè àti ẹṣin pólò sì ń bá a ká. Nígbà tí Jay Bulger wá ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé rẹ̀, èyí tí ó jáde ní 2012, ọ̀pá ni bàbá náà fi bẹ́ ẹ nímú.

Iṣẹ́ tí ó dára jù lọ ní ìgbà ogbó rẹ̀ kì í ṣe ti rọ́ọ̀kì rárá. Ní 1994, òun, Bill Frisell àti Charlie Haden ṣe Going Back Home, àwo jáàsì tí kò sí ariwo nínú rẹ̀, tí ìlù ń rìn bí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ilé. Cream tún pàdé ní 2005 ní Royal Albert Hall, owó sì wọlé. Nínú àwo tí ó ṣe kẹ́yìn, Why?, ní 2014, Abass Dodoo ọmọ ilẹ̀ Gánà ni ó ń lu ìlù ìbílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí Èkó ṣe fún un, kí ó wá ìlù kan tí òun àti Tony Allen jọ lù ní Berlin ní 1978, èyí tí wọ́n fi kún àwo 1971 nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀. Kò sí orin níbẹ̀, kò sí fèrè, kò sí Fela. Ọ̀kan a sọ, èkejì a dúró kí ó parí, lẹ́yìn náà a fèsì. Baker kú ní Canterbury ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, ọdún 2019, ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Allen tẹ̀ lé e ní Paris ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 2020.