Ṣé Àjẹ́ Ni Màmá, Tàbí Àìsàn Ni?

A fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó ń da ilé rú ní Mushin, Surulere àti Yaba. Màmá tí ó tọ́ gbogbo ọmọ dàgbà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orúkọ wọn. Yóò jáde lọ ra iyọ̀, kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Yóò máa dá sọ̀rọ̀ lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àdúgbò á ti ní ó ń jẹ́wọ́ àjẹ́. Àwọn kan á wọ́ ọ lọ sí orí òkè, wọn á fi ebi pa á, wọn á nà án.

Ará, ọpọlọ náà ń ṣàìsàn bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣàìsàn, kòkòrò àrùn sì lè wọ inú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, eégbọn máa ń bu ènìyàn jẹ, a sì kó àìsàn Lyme ràn án. Ọdún 1982 ni wọ́n kéde kòkòrò rẹ̀. Bí ó bá dé ọpọlọ, ẹlòmíràn á máa ṣe bí ẹni tí ó ń ṣarán, bẹ́ẹ̀ oògùn lè wò ó sàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé òun ló ń fa ìgbàgbé arúgbó tí wọ́n ń pè ní Alzheimer.

Ìbátan kòkòrò yìí ni kí àwa ṣọ́ra fún níhìn-ín: sífílíìsì. Ní 1913, Hideyo Noguchi, ará Japan, àti ẹnìkejì rẹ̀ rí kòkòrò sífílíìsì nínú ọpọlọ àwọn tí orí wọn ti dàrú kí wọ́n tó kú. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí ni Noguchi kú sí, ní Accra, ní 1928, níbi tí ó ti ń wá ìdí ibà pọ́njú.

Sífílíìsì lè fara pamọ́ fún ogún ọdún láìsí egbò kankan. Obìnrin tí kò mọ ọkùnrin mìíràn yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀ lè ní in. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bú ìyá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ penicillin ń pa kòkòrò náà. Bí a bá tètè lọ ni ó dára jù, nítorí ohun tí ọpọlọ ti pàdánù lè má padà tán.

Àìsàn HIV, àìtó fítámì, àti ẹ̀jẹ̀ tí ó dúró sínú orí lẹ́yìn tí arúgbó ṣubú, gbogbo wọn lè fa irú èyí, wọ́n sì ní ìtọ́jú.

Àwọn kan wà tí a kò lè wò sàn. Láti 1992 ni àwọn dókítà ti ń ṣèwádìí ní Ìdíkàn, Ìbàdàn. Ní 2001 wọ́n kéde pé nínú 1,000 ẹni ọdún 65 sókè, bí 13 tàbí 14 ni àìsàn ìgbàgbé ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, ó tó 32. Ṣé àjẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀ jù wá lọ ni? Rárá o, àìsàn ni.

Ẹ gbé màmá lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yaba tí ó ti wà láti 1907. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ "Yaba Left" dẹ́rù bà yín. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ẹ gbàdúrà kí ẹ tó lọ, ẹ sì gbàdúrà nígbà tí ẹ bá dé. Ọba Hesekáyà gbàdúrà, síbẹ̀ wòlíì Aísáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú eéwo rẹ̀.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ má fi pàṣán dípò ọmú. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti tọ́jú àwọn tí wọ́n tọ́jú wa. Àmín.