Ìrísí Ìkànnì àti Ọ̀rọ̀ Inú Rẹ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dá ìkànnì sílẹ̀ láti máa kọ nǹkan sí kì í pẹ́ já sí ọjà kan tó lè gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjà theme ni, ìyẹn àwọn ìrísí tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀, tí a kàn máa mú ọ̀kan nínú wọn fi wọ ìkànnì. Lórí WordPress nìkan, ìyẹn ètò tí a fi ń dá ìkànnì sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ká má tíì sọ èyí tí wọ́n ń tà. Àwòrán ni wọ́n fi ń polówó wọn: òkè tí yìnyín bò, ife kọfí lórí tábìlì onígi, àkọlé tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n fi lẹ́tà ńláńlá kọ. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ń ṣìnà, nítorí ohun tó wù ú nínú àpẹẹrẹ yẹn kì í ṣe ti theme rárá. Ẹni tó ya àwòrán ló ni ín. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wo kàlẹ́ńdà sítáì lára ògiri ṣọ́ọ̀bù télọ̀, tó nàka sí ọ̀kan, tó gbàgbé pé ọmọge tó wọ̀ ọ́ nínú àwòrán kò jọ òun. Ohun tó yẹ kó darí yíyàn ni ọ̀rọ̀ tí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ máa kọ: bó ṣe máa gùn tó, èdè tó máa fi kọ ọ́, irú fóònù tí àwọn tó máa kà á ń lò. Theme tó bá gbé ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa ti tó.

Ìtàn WordPress fúnra rẹ̀ ti èrò yìí lẹ́yìn. Ọdún 2003 ni Matt Mullenweg àti Mike Little gbé e jáde, láti ara ètò kan tó ti wà ṣáájú tí wọ́n ń pè ní b2. Kò sí ohun tó ń jẹ́ theme nínú rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀dà 1.5, tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2005, ló mú un wá, pẹ̀lú Kubrick tí gbogbo ìkànnì tuntun máa wọ̀ bí ẹni tó ni ín kò bá yan òmíràn. Ẹni tó bá ń ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láyé ìgbà náà á rántí rẹ̀: páálí aláwọ̀ búlúù kan lókè tí igun rẹ̀ rí roboto, orúkọ ìkànnì ní lẹ́tà funfun láàárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ funfun. Títí di 2010, tí theme Twenty Ten fi gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, àìmọye ìkànnì ló rí bákan náà, síbẹ̀ àwọn òǹkàwé mọ ẹni tí wọ́n ń wá lọ. Ohun tí ẹ̀dà 1.5 tún ṣe ni pé ó kó ìrísí sọ́tọ̀, tí a fi lè pààrọ̀ rẹ̀ láìfọwọ́ kan ọ̀rọ̀. Àròkọ wà nínú àká tirẹ̀. Theme jẹ́ àkójọ fáìlì tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa gbé e síta.

Fún ẹni tó bá ń kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ẹwà. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe theme fi ń dán an wò, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní nǹkan kan lábẹ́ lẹ́tà àfi ìrù g, j, p, q àti y. Ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ àti ọ́ kò ní. Kọ̀ǹpútà máa ń kọ ẹ, á wá gbé àmì ohùn lé e lórí bí ohun ọ̀tọ̀, fọ́ǹtì tí theme ń lò ló sì máa pinnu ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí á ti àmì ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gbé e kọ́ sókè láàárín lẹ́tà méjì, tí òǹkàwé kò ní mọ èyí tó ni ín. Bí fọ́ǹtì kò bá ní lẹ́tà kan rárá, fóònù á lọ yá a nínú fọ́ǹtì mìíràn, lẹ́tà kan á nípọn, èkejì á tẹ́ẹ́rẹ́, nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ti ṣ tilẹ̀ tún yàtọ̀. Àwọn ará Vietnam ń lo ẹ àti ọ nínú èdè tiwọn, nítorí náà fọ́ǹtì tí wọ́n bá ro tiwọn mọ́ máa ń ní àwọn méjèèjì. Wọn kì í lo ṣ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe lè ṣẹlẹ̀ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn nínú "ọṣẹ" á bára mu, tí ti àárín á dá yàtọ̀.

Fọ́ǹtì nìkan kọ́. Theme tó bá fún ìlà àkọlé mọ́ra jù á jẹ́ kí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà òkè máa kọlu àmì ohùn tó wà lórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Òmíràn á ká àkọlé mọ́ inú àpótí tóóró, á sì gé àmì ìsàlẹ̀ dànù. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ìlà tí wọ́n ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè tẹ̀ láti fi dé ojú ìwé mìíràn. Àwọn kan ń lẹ ìlà yẹn mọ́ ìdí lẹ́tà gan-an, ìlà á sì bo àmì, "ọkọ" obìnrin á wá di "oko" tí à ń ro. Òǹkàwé tó gbọ́ èdè á fi ọgbọ́n orí tún un ṣe, ṣùgbọ́n ta ló gbé iṣẹ́ yẹn fún un? Ìdánwò rẹ̀ kò pẹ́: kí a mú àròkọ gidi kan tó kún fún àmì, tí àkọlé rẹ̀ gùn tó ìlà méjì, kí a fi sínú theme, kí a sì wò ó lórí fóònù tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Fọ́ǹtì Noto tí Google ṣe àti Gentium tí àjọ SIL ṣe ń gbé àmì Yorùbá dáadáa. Theme tó bá gbà wá láyè láti fi irú wọn rọ́pò fọ́ǹtì tirẹ̀ dára ju èyí tó rẹwà tí kò gbà. Ẹni tó bá ní òun kò tíì ní àròkọ kankan tí òun lè fi dán an wò, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lo theme tó bá lórí WordPress, kó kọ díẹ̀. Kò tíì tó àkókò fún un láti yan nǹkan kan.

Wọ́n á ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, pé bí ojú ìkànnì bá burú, kò sẹ́ni tó máa dúró ka ohun tó wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Lẹ́tà tó kéré jù, àwọ̀ eérú lórí funfun, ìpolówó tó ń fò bo ojú ìwé, gbogbo wọn ń lé ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ohun tó ń dí kíkà lọ́wọ́ ló ń lé wọn, kì í ṣe àìsí ọ̀ṣọ́. Ọ̀ṣọ́ gan-an sì máa ń wà lára ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́. Àwòrán ńláńlá tó ń yí ara rẹ̀ padà lókè ojú ìwé ń jẹ dátà ẹni tó fi owó rẹ̀ rà á, kó tó rí ìlà kan kà. Àwọn tó sì ń bá ìkànnì pàdé láti orí WhatsApp tàbí Facebook, inú àròkọ ni wọ́n ń bọ́ sí tààrà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dé ojú ìwé àkọ́kọ́ tí a fi gbogbo òru ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Láti 2016 ni Google ti kéde pé bí ìkànnì ṣe rí lórí fóònù ni àwọn á máa kọ́kọ́ wò. Mo gbà pé ẹni tó ń ta aṣọ tàbí tó ń ya fọ́tò yàtọ̀, nítorí àwòrán ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kí òun náà fi fọ́tò tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà dán an wò, kó pa ti onípolówó tì.

Àtakò kejì lágbára jù ú lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lọ́tọ̀, tí ìrísí wà lọ́tọ̀, kí ni à ń bẹ̀rù? Bọ́tìnnì kan la máa tẹ̀. Èyí tí kò bá wù wá lónìí, a pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ theme kì í dúró sí àyè tiwọn. Òmíràn á ní òun fẹ́ bá wa to àwòrán, òun fẹ́ bá wa pín ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta, á sì máa fi kóòdù kéékèèké tirẹ̀ há àárín àròkọ. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, a kò ní rí wọn. Ọjọ́ tí a bá yọ ọ́, kóòdù á hàn gbangba láàárín ọ̀rọ̀, nínú gbogbo àròkọ tí a ti kọ látọjọ́ tó ti wà. Àwọn tó ń bójú tó àkójọ theme ọ̀fẹ́ ti WordPress mọ̀ bẹ́ẹ̀ débi pé wọ́n fi òfin dè é. Òfin wọn kò de èyí tí wọ́n ń tà níta. Theme náà ló tún ń sọ ìwọ̀n tí wọ́n máa gé àwòrán sí, nítorí náà àwòrán àtijọ́ lè bá ara rẹ̀ nínú àpótí tí kò gbà á, kí orí ẹni tí a yà kù síta. Láti 2022 tí Twenty Twenty-Two ti jáde, irú theme mìíràn ti gbòde, tí ibi tí a ti ń to mẹ́nù nínú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì lè rò pé ohun tí òun tò ti sọnù. Ká sì má gbàgbé pé kóòdù ẹlòmíràn ni à ń gbé wọlé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, wọ́n rí ihò nínú TimThumb, ètò kékeré kan tó ń dín àwòrán kù, tó wà nínú ọ̀pọ̀ theme. Àwọn ọ̀daràn gba ibẹ̀ wọ ìkànnì àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn. Theme olówó tí ẹnì kan jí, tó wá ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀nà yẹn ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní WP-VCD gbà tàn kálẹ̀.

Mi ò ní kí ènìyàn má pààrọ̀ láé. Ìdí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ti ọwọ́ ẹni ti súni, èyí kò sì tó, torí ojoojúmọ́ ni ẹni tó ni ín ń wò ó. Òǹkàwé tó ń yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò tíì rí i débi tó máa sú u. Ìdí tó tó ni pé ẹni tó ṣe theme ti pa á tì, tí kò tún un ṣe mọ́, tàbí pé kò ṣeé kà lórí fóònù, tàbí pé ohun tí à ń kọ ti yí padà, tí ẹni tó ń kọ ìròyìn kúkúrú tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń kọ àròkọ gígùn. Nígbà náà, kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo ìkànnì pamọ́, kí a wo tuntun kí a tó gbé e síta, kí a má sì tíì pa ti àtijọ́ rẹ́. Àwọn àròkọ tó pẹ́ jù ni kí a kọ́kọ́ ṣí wò, nítorí ibẹ̀ ni kóòdù tó kù sílẹ̀ àti àwòrán tí a gé lórí máa ń fara pamọ́ sí.