Fọ́tò Èmi àti Táíwò

Mo mọ̀ pé tí a bá ti gbọ́ fọ́tò báyìí, sẹ́lífì, ọjọ́ ìbí tàbí pásípọ́ọ̀tù WAEC ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Fọ́tò mìíràn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: èyí tí èèyàn fi ń dán nǹkan tuntun wò, tó sì ń kọ́ ọgbọ́n ẹ̀ lára àwọn ayàwòrán àti àwọn onífọ́tò tó ti wà ṣáájú.

Ẹni tó bá rò pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe irú ẹ̀, kó gbọ́ èyí. Ní ọdún 1978, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague kọ̀wé nípa àwọn onífọ́tò Yorùbá sínú ìwé ìròyìn African Arts. Ó ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì rí i pé àwọn onífọ́tò ibẹ̀ ń ṣe fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á wá tẹ àwòrán ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, tó fi máa dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, èyí tó kù á wọ aṣọ obìnrin, wọ́n á yà á. Á tún wọ aṣọ ọkùnrin, wọ́n á tún yà á. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ o!

Níbo ni wọ́n ti rí ọgbọ́n yìí? Lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́gilére ni. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère ìbejì, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa bọ́ ọ, á máa wọṣọ fún un. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé di onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, tí wọn ò fẹ́ ère nílé mọ́, fọ́tò rọ́pò rẹ̀ fún àwọn kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Kẹ́hìndé lorúkọ mi. Ọkùnrin ni Táíwò mi, ó sì kú kí àwa méjèèjì tó mọ ìrìn. A ò ní fọ́tò kankan tí a jọ yà. Títí dòní, bí màmá mi bá se ẹ̀wà, wọ́n á kọ́kọ́ bu díẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ. Ìgbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò Ìlá fún wọn, wọ́n ní, "Ṣe é." Bàbá mi ní tiwọn kọ̀. Wọ́n ní, "Kẹ́hìndé, ère lo fẹ́ gbé wọlé mi yẹn." Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ìmọ́lẹ̀ àti ìwé lásán ni." Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n ṣe é, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé e kọ́ sí pálọ̀ títí àwọn á fi rí i.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo wo iṣẹ́ àwọn àgbà. Seydou Keïta, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Bamako ní 1948, ta aṣọ ibùsùn ara rẹ̀ sẹ́yìn àwọn tó ń yà. Èmi náà ta aṣọ òfì màmá mi sára ògiri. Samuel Fosso ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ní Bangui ní 1975, ọmọ ọdún 13 péré! Bí fíìmù bá ṣẹ́ kù, á fi ya ara rẹ̀ nínú oríṣiríṣi aṣọ, á sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àgbà ní Nàìjíríà níbí. Ìyẹn ló fún mi láyà láti wọ aṣọ ọkùnrin. Ẹnì kẹta ni ayàwòrán wa, Twins Seven-Seven, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òṣogbo ní 1964. Ìbejì ni òun náà. Ó ní ìgbà méje ni ìyá òun bí ìbejì, òun nìkan ló kù láyé, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Nínú àwòrán rẹ̀, ẹ ò ní rí àyè tó ṣófo. Iṣẹ́ ọnà kún gbogbo ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ kí aṣọ òfì gba gbogbo ẹ̀yìn wa.

Àárọ̀ ọyẹ́ ni mo yà á, torí ìmọ́lẹ̀ ọyẹ́ kì í le. Mo gbé fóònù sórí àpótí, mo fi òkúta méjì há a kó má baà mì. Àbúrò mi ló ń tẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ jókòó sápá ọ̀tún pẹ̀lú ìró àti bùbá. Mo ti wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró náà, torí bí ó bá pẹ́ jù, òjìji á ti sún, àwọn méjèèjì ò ní bára mu. Mo yára wọ dàńṣíkí, mo dé fìlà, mo bọ́ sápá òsì. Lẹ́yìn náà ni mo fi fóònù lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Ìlà tín-ín-rín kan wà láàárín, níbi tí fọ́tò méjèèjì ti pàdé. Bàbá mi wò ó títí. Wọ́n ní, "Ṣé o ò lè pa ìlà yìí rẹ́ ni?" Mo ní mo lè pa á rẹ́, àmọ́ bí mo bá pa á rẹ́, irọ́ ni fọ́tò náà á máa pa. Ìlà yẹn ló ń sọ pé ẹnì kan ò sí níbẹ̀. Wọn ò fèsì. Fọ́tò náà wà ní yàrá màmá mi báyìí. Kò tíì dé pálọ̀.

Àwọn kan ní kíláàsì wa ní ẹ̀tàn ni irú fọ́tò báyìí. Èmi ò gbà. Ẹni tó ń tanni máa ń fi ohun tó ṣe pa mọ́. Àwọn onífọ́tò Ìlá ò tan ìyá ìbejì jẹ, ìyá mọ̀ pé ọmọ kan ló jókòó. Ohun tó fẹ́ rí ni wọ́n bá a ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó rántí nǹkan mẹ́ta: kí fóònù má mì, kí ìmọ́lẹ̀ má yí padà, kó sì mọ ẹni tó ń yà á fún. Bí ẹ bá ní fọ́tò àtijọ́ irú èyí nílé, ẹ béèrè ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ẹ wá kọ ọ́ síbí.