Èéfín Ìgboro: Okùnfà, Ìpalára àti Àtúnṣe Rẹ̀

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o ń ka ìwé yìí, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ bíi tìrẹ ní Mushin, ní ìlú Èkó, pé kí wọ́n máa gbá àyíká wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kan wà tí ìgbálẹ̀ kò lè gbá. Òun ni èéfín ìgboro. Jẹ́ kí n sọ bí èmi pàápàá ṣe lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2011, mo ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbé e sí kí èéfín rẹ̀ má baà wọ yàrá mi. N kò wò ó pé abẹ́ fèrèsé aládùúgbò mi ni. Obìnrin náà ní ọmọbìnrin kan tí ikọ́ fée ń dà láàmú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó bá mi sọ ọ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, èéfín yín ń pa ọmọ mi." Mo dá a lóhùn pé, "Ta ni kò ní jẹnẹrétọ̀ ní Èkó?" Ní òru ọjọ́ kan, igbe rẹ̀ ni ó jí mi. Ọmọ náà kò lè mí dáadáa mọ́. Jẹnẹrétọ̀ mi ṣì ń dún nígbà tí a gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Orí yọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára mi. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Èmi ni mo jẹ kòkòrò. Ọmọ ọlọ́mọ ni kò rí oorun sùn.

Ohun tí ó ń fa èéfín yìí pọ̀. Èkíní ni ọkọ̀. Dánfó, ọkọ̀ akẹ́rù àti ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnnì wọn ti gbó ń tú èéfín dúdú, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Èkejì ni jẹnẹrétọ̀, nítorí iná mànàmáná tí kì í dúró. Ẹ̀kẹta ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ẹ̀kẹrin ni pàǹtírí tí a ń dáná sun. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, iná sọ ní ààtàn Olúsosùn ní Ọjọ́ta, èéfín rẹ̀ sì bo àdúgbò. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà a tún kún un.

Ewu wo ni ó wà níbẹ̀? Àwọn ègé kéékèèké tí ojú kò lè rí wà nínú èéfín. Wọ́n ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n a máa fa ikọ́ fée, àrùn ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀ àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Jẹnẹrétọ̀ tí a bá tàn sínú ilé tún burú jù. Ó ń tú gáàsì kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì lè pa odidi ìdílé lójú oorun. Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 11,200 ènìyàn ni afẹ́fẹ́ burúkú pa ní Èkó ní ọdún 2018. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ju ìdajì wọn lọ.

Ǹjẹ́ àtúnṣe wà? Ó wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú bo ìlú Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì pa ó kéré tán 4,000 ènìyàn. Wọ́n ṣe òfin lórí rẹ̀ ní 1956, afẹ́fẹ́ ìlú náà sì ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìjọba tiwa náà ní láti pèsè iná mànàmáná tí ó dúró, kí ó máa yẹ ọkọ̀ wò, kí ó sì fi kún ọkọ̀ èrò. Láti 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Marina sí Mile 2, iná mànàmáná ni ó sì ń lò. Irú rẹ̀ kò tíì tó. Àwa ará ìlú ní iṣẹ́ tiwa: kí á máa tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe lásìkò, kí á má sun pàǹtírí, kí á má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí ìtòsí fèrèsé ẹnikẹ́ni.

Ní tèmi, ilẹ̀ mọ́, mo lọ bẹ obìnrin náà, mo sì pa jẹnẹrétọ̀ náà tì. N kò tà á, nítorí ẹni tí yóò rà á náà ní aládùúgbò. Bí o bá kọ irú àròkọ yìí nínú ìdánwò, o lè gba máàkì. Ṣùgbọ́n ìdánwò gidi ń dúró dè ọ́ nílé, ní ọjọ́ tí aládùúgbò rẹ bá kan ilẹ̀kùn, tí ó ní èéfín rẹ ń pa ọmọ òun. Má dá a lóhùn bí mo ṣe dáhùn.