Omi Ọ̀yán: Àwọn kan ní ẹ tú u sílẹ̀, àwọn kan ní ẹ mú un dání!

Bẹ́ ẹ bá kúrò l'Abẹ́òkúta, tẹ́ ẹ rìn bíi 20 kìlómítà, ẹ ó rí omi lọ salalu níwájú yín. Dáàmù Ọ̀yán nìyẹn, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983. Tó bá kún, 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà omi ló ń gbà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú omi sínú odò Ògùn, kí ẹ̀rọ tó ń fa omi fún Ìjú àti Àdìyán má baà fa yanrìn. Òun ni omi ẹ̀rọ ará Èkó, ìyẹn àwọn tó bá rí i o! Nítorí náà, dáàmù gbọ́dọ̀ kún kí òjò tó dáwọ́ dúró.

Wàhálà rèé. Tó bá ti kún, tí òjò ò sì dáwọ́ dúró, dandan ni kí wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, omi á ya wọlé àwọn ará Ìṣẹ́rí àti Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú. Wọ́n ní kí wọ́n ti máa tú u díẹ̀díẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ó dáa, bí òjò bá wá já wa kulẹ̀ ńkọ́? Kí la ó mu lóṣù kejì?

Tèmi ò ju ti àwọn tí wọ́n ṣí nídìí torí dáàmù yìí. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń pẹja, tí ọmọ wọn ń lúwẹ̀ẹ́. Ìwádìí àwọn ọdún 1990 fi hàn pé àtọ̀sí ajá gbilẹ̀ láàárín wọn, ọmọdé ń tọ ẹ̀jẹ̀. Bí Èkó àti Ìṣẹ́rí ṣe ń fà á yìí, ta ló bi wọ́n léèrè?