Ní Ṣómólú, Àgékù Bébà Ń Kíni Kú Ọdún

Bí ọdún Kérésìmesì bá ń bọ̀ ní Èkó, ọjà Balógun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò láti mọ̀ bóyá ó ti dé. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tètè mọ̀ yóò gba òpópó Ìkòròdú, yóò sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀nípanu, yóò sì yà sí Shipeolu, ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ti sọ di tiwọn. Kò nílò ẹni tí yóò júwe ọ̀nà fún un. Etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ti débẹ̀, imú rẹ̀ yóò sì jẹ́rìí sí i: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún gbì-gbì-gbì bí ẹni ń gúnyán fún àlejò, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, òórùn tàdáwà àti kẹrosíìnì dà pọ̀ mọ́ ti àkàrà tí wọ́n ń dín lẹ́bàá ọ̀nà.

Kálẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, àwòrán olóṣèlú tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìbò: kò sí ohun tí à ń tẹ̀ sórí bébà tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ Heidelberg láti Jámánì wà níbẹ̀ tí wọ́n dàgbà ju àwọn ọmọ tó ń lò wọ́n lọ. Irú kan nínú wọn ní apá méjì tí ń yí bíríbírí, tí ọ̀kan ń gbé bébà wọlé bí èkejì ṣe ń gbé e jáde. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ti ṣíwọ́ ṣíṣe é láti 1985, ṣùgbọ́n ó jọ pé ìròyìn náà kò tíì dé Ṣómólú.

Kì í ṣe ohun tí wọ́n tẹ̀ ló gbé mi débẹ̀ nínú oṣù Kejìlá, bí kò ṣe ohun tí wọ́n gé dànù. Bí wọ́n bá tẹ káàdì ìgbéyàwó tán, wọn a tò ó jọ gègèrè, wọn a gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí ń gé bébà, ọ̀bẹ gígùn rẹ̀ a sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Etí tó gé kúrò a bọ́ sílẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Àgékù nìyẹn. Bébà gidi ni, kò yàtọ̀ sí èyí tí orúkọ ìyàwó wà lórí rẹ̀, àfi pé kò ríbi jókòó sí.

Ẹ má sì fojú kéré rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ bébà sí Jẹ́bà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969. Ó kọ́ òmíràn sí Oku-Iboku, tí wọ́n ṣí ní 1986. Ó tún dáwọ́ lé ẹ̀kẹta ní Ìwópin, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú bébà tí Ṣómólú ń lò, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Nígbà tí náírà ṣubú ní 2023, àgékù pàápàá di ohun tí à ń tì mọ́lé.

Lára àgékù yìí ni wọ́n ti ń ṣe táàgì, ìyẹn káàdì pélébé tí à ń so mọ́ ẹ̀bùn kí ẹni tó gbà á lè mọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì ni mo bá nídìí tábìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Ọkọ ń tẹ kálẹ́ńdà nínú ilé, ìyàwó ń fi àgékù rẹ̀ ṣe táàgì níta. Mo fi ìdajì ọjọ́ wo ọwọ́ rẹ̀.

Bébà tó nípọn, tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù, ló fẹ́ràn jù. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ a máa ká kò bí ewé tí oòrùn pa. Bí àgékù bá gùn tó ínǹṣì 25, tó sì fẹ̀ tó ínǹṣì 2, yóò gé e ní ínǹṣì mẹ́ta àbọ̀, mẹ́ta àbọ̀, táàgì méje yóò sì jáde láìṣẹ́ ku nǹkan kan tó ju ìdajì ínǹṣì lọ. Yóò dá igun méjì orí rẹ̀ nù kí ó lè dà bí òrùlé, yóò lu ihò sí i, yóò wá lẹ òrùka bébà kékeré yí ihò náà ká kí okùn má bàa fà á ya. Okùn ọ̀hún kì í ṣe ríbọ́ọ̀nù olówó ńlá. Ìkó ni, tàbí òwú funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́.

Èyí tí yóò bá ṣí bí ìwé, kì í kàn ṣẹ́ ẹ pọ̀ lásán. Bébà ní ọ̀nà tí iṣan rẹ̀ tò sí gẹ́gẹ́ bí igi. Bí a bá ṣẹ́ ẹ tẹ̀lé iṣan, yóò tẹríba wẹ́rẹ́. Bí a bá ṣẹ́ ẹ dábùú, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sán. Ìyá Ìbejì á kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún láti mọ ibi tó ti rọ̀, á wá fi bíró tí tàdáwà ti tán nínú rẹ̀ fa ìlà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, kí ó tó ṣẹ́ ẹ. Ní ti ọ̀ṣọ́, ó lè lẹ àgékù ańkárá tó gbà lọ́wọ́ àwọn télọ̀ mọ́ ọn. Ó sì lè la ọ̀dùnkún sí méjì, kí ó gbẹ́ ìràwọ̀ sójú rẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ bọ ọ̀dà, kí ó fi lu bébà bí òǹtẹ̀. Ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé, gọ́ọ̀mù a gbẹ kí ọwọ́ tó dé ibi tó ń lọ, etí bébà a sì máa ká sókè. Abẹ́ búlọ́ọ̀kù méjì ni àwọn táàgì ń sùn mọ́jú.

Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ìyàwó tuntun kan wọlé tọ̀ ọ́ wá. Orúkọ mọ́kànlá ló wà nínú fóònù rẹ̀. Ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́ nílé ọkọ nìyẹn, ó sì fẹ́ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí gbogbo ará ilé. Ó ti ra táàgì ilẹ̀ òkèèrè tẹ́lẹ̀, àádọ́ta nínú ọ̀rá kan, tí wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ “sí” àti “láti ọ̀dọ̀” sára wọn. Ìyá tó bí i ló rí i tó ní kó kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyá Ìbejì gba fóònù, ó ka orúkọ wọ̀nyí dé ẹ̀kẹta, ó gbójú sókè.

“Ìyàwó, ta nìyí?”

“Àbúrò ọkọ mi ni, mà.”

“Wọ́n ti bí i kí o tó wọ ilé yẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni.”

“O wá fẹ́ kí n kọ orúkọ rẹ̀ ṣákálá sórí bébà, kí gbogbo ilé máa kà á? Kí ni o ń pè é?”

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀. “Akọ̀wé ni, mà.”

“Akọ̀wé náà la ó kọ.”

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agbo ilé mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, ì báà ṣe pé ọmọ ọwọ́ ni lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé. Orúkọ tirẹ̀ ni yóò wá fún un: Akọ̀wé, Ìbàdí-Àrán, Àdúmáadán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Bàbá Kékeré. Ó tó wákàtí kan tí àwọn méjèèjì fi tún orúkọ mọ́kànlá yẹn ṣe, pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo rẹ̀. Ìyá ọkọ di “Ìyá Wa”. Ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ́ orúkọ àbísọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbéyàwó. Mo mọ àwọn tí yóò ní ayé ti lajú kọjá èyí. Kí wọ́n lọ bi àwọn ìyàwó tí wọ́n ti pe ẹjọ́ ìdílé lé lórí nítorí ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ Òyìnbó la ti kọ́ pé kí ohun kékeré máa tẹ̀lé ohun ńlá láti túmọ̀ rẹ̀. Àrokò ti wà. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ ránṣẹ́ séèyàn ń sọ pé ọkàn ẹni fà sí i. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹni jọ. Òòyà tí a fi ránṣẹ́ kì í ṣe ti irun, ìyapa ló ń wí. Àwọn àrokò Ìjẹ̀bú kan dé London ní àwọn ọdún 1880, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni ń ka ìwé. Ìwé náà sì ni wọ́n.

London yìí kan náà ni Henry Cole ti ní kí ayàwòrán John Callcott Horsley ya káàdì Kérésìmesì kan fún òun ní 1843. Ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n tẹ̀, ṣílè kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun sì ni àwọn òpìtàn ń kà sí àkọ́kọ́ tí wọ́n tà lọ́jà. Àwọn ọmọ-ọmọ káàdì yẹn bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Ṣómólú títí fóònù alágbèéká fi dé ní 2001. Ta ló tún fẹ́ ra káàdì, kó tún lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, nígbà tó lè fi àtàǹpàkò kí igba èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà? Òwò náà rọ lọ́wọ́ wọn. Táàgì ni kò rọ, ìdí rẹ̀ kò sì ju pé ìkíni orí fóònù kò ṣeé so mọ́ àpò ìrẹsì.

Iye tí Ìyá Ìbejì ń rí nídìí rẹ̀, n kò bi í. Ó kàn sọ fún mi pé owó ilé-ìwé àwọn ìbejì fún oṣù Kìíní wà nínú páálí àgékù yẹn, àti pé bí Kérésìmesì bá lọ tán, àwọn oníbàárà tó ń pín ẹ̀bùn nígbà ààwẹ̀ àti Iléyá yóò dé.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ìyàwó tuntun tó padà wá kó táàgì rẹ̀. Ó kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná, ó san owó, ó yà sọ́nà, ó tún yí padà. Ó fẹ́ kí wọ́n ṣe ẹyọ kan sí i, ti ọkọ òun. Ìyá Ìbejì ní kí la ó kọ síbẹ̀. Ìyàwó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ mú bébà tó dára jù nínú páálí.

Ohun tí wọ́n kọ sí i, wọn kò jẹ́ kí n rí i.