Àtẹ́lẹwọ́ Ẹni Kì í Tanni Jẹ

Mítà inú kámẹ́rà ò mọ̀yàtọ̀ láàárín ìyá àgbà àti ògiri. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Ohun yòówù kẹ́ ẹ gbé síwájú rẹ̀, ì báà jẹ́ èèyàn, ì báà jẹ́ Òkúta Olúmọ, àwọ̀ eérú ló kà á sí, ìyẹn ohun tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí i lára padà. Ẹ gbé ògiri funfun síwájú rẹ̀, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, kẹ́ ẹ dín in kù. Ẹ gbé àdìrẹ Ìtòkú tó ti mu aró dáadáa síwájú rẹ̀, á ní ilẹ̀ ti ṣú, kẹ́ ẹ fi kún un. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ tiẹ̀ nìkan, ògiri á di eérú, àdìrẹ náà á di eérú.

Ìdí tọ́rọ̀ yìí fi kàn mí ni pé fọ́tò kan ṣoṣo ni bàbá àgbà mi fi sílẹ̀. Wọ́n wọ agbádá funfun, wọ́n dúró níwájú ògiri funfun níbi ìnáwó kan. Agbádá yẹn hàn débi pé ẹ lè ka iṣẹ́ ọnà tó wà lọ́rùn ẹ̀. Ojú bàbá ńkọ́? Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ilà ojú wọn ò hàn rárá. Òun náà la lò fún pósítà ìsìnkú wọn, torí kò sí òmíràn. Ìyá àgbà wo pósítà náà títí, wọ́n ní, "Fìlà yìí ni mo dá mọ̀." Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ìwọ tó o ní kámẹ́rà, má jẹ́ kí tèmi rí báyìí o."

Kiev 60 ni kámẹ́rà mi. Iléeṣẹ́ Arsenal ló ṣe é nílùú Kyiv, lórílẹ̀-èdè Ukraine. Fíìmù 120 ló ń lò, fọ́tò 12 péré sì ni fíìmù kan ń gbà. Ohun tí wọ́n fi ń wòran lórí ẹ̀ ṣeé yọ, oríṣi méjì ni mo sì ní. Tẹ́ ẹ bá ń lo ti àkọ́kọ́, ẹ máa tẹrí ba ni, kẹ́ ẹ máa wò ó látòkè, ọwọ́ ọ̀tún á sì máa hàn bí ọwọ́ òsì. Èkejì ni prism tó ní mítà nínú. Ó ń dá ọ̀tún àti òsì padà sí àyè wọn, ó sì ń jẹ́ kéèyàn gbé kámẹ́rà sójú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Mo máa kọ́kọ́ yí i sí ISO fíìmù mi àti ibi tí ojú lẹ́ǹsì lè là dé. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀, iná kéékèèké méjì á máa bá mi sọ̀rọ̀ látinú ibi tí mò ń wò. Mo máa yí àwo orí ẹ̀ títí méjèèjì á fi tàn pọ̀. Ìgbà yẹn ni mo máa ka nọ́ńbà tó mú wá, kí n tó fọwọ́ ara mi yí i sórí lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà. Prism àti kámẹ́rà ò bára wọn sọ̀rọ̀ rárá, èmi ni mò ń jíṣẹ́ láàárín wọn. Àwọn kan máa ń ráhùn pé wàhálà nìyẹn. Lójú tèmi o, àǹfààní ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Kí iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà, mo lè tún un ṣe.

Kì í ṣe pé fíìmù ò lè gba dúdú. J. D. 'Okhai Ojeikere, tó ṣaláìsí ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin wa ní 1968, ní fọ́tò dúdú àti funfun. Ẹ lọ wò wọ́n. Irun dúdú, òwú dúdú, ọrùn dúdú, síbẹ̀ ẹ̀ẹ́ rí bí wọ́n ṣe fa irun náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ya ìyá àgbà, wọ́n jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Kémta, wọ́n ró àdìrẹ. Lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, oòrùn ń pa ògiri ilé kejì tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn. ISO 400 ni fíìmù mi. Mítà ní kí n lo f/11, ní ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá. Nọ́ńbà ògiri nìyẹn, kì í ṣe ti ìyá àgbà.

Àtẹ́lẹwọ́ ló ń yanjú ẹ̀. Àwọ̀ ojú èèyàn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ dúdú àti ti òyìnbó ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti eérú tí mítà ń wá. Torí náà, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ kan náà tó wà lójú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà, ẹ jẹ́ kó kún ojú prism, ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ la ojú lẹ́ǹsì sí i ní ìpele kan.

Mo ní kí ìyá àgbà na ọwọ́. Aró ti mu àtẹ́lẹwọ́ wọn látọjọ́ pípẹ́, ó ti di búlúù. Ni mo bá na tèmi síbi ojú wọn.

"Ṣé ọwọ́ ẹ lo fẹ́ yà ni?"

Mo ṣàlàyé fún wọn. Ẹ̀rín pa wọ́n. "Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ. Ṣé ìyẹn náà ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé?"

Ọwọ́ mi mú f/8 wá, mo là á sí f/5.6. Ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn sí ohun tí mítà kọ́kọ́ sọ. Mo mọ̀ pé ògiri ẹ̀yìn yẹn á funfun débi pé kò ní sí nǹkan kan lára ẹ̀ mọ́. Kó lọ bẹ́ẹ̀. Fíìmù ò lè gba gbogbo nǹkan tán, ohun kan gbọ́dọ̀ sọnù. Téèyàn ò bá yan ohun tó máa sọnù, mítà á bá a yàn án, ohun tó bá gba àyè jù nínú fọ́tò ló sì máa ń gbè. Ní ti bàbá àgbà, agbádá àti ògiri ló gbè.

Fóònù ọwọ́ yín náà ní mítà. Nígbà míì, ó máa ń dá ojú èèyàn mọ̀, nígbà míì kì í mọ̀ ọ́n. Ẹ fọwọ́ kan ojú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà lórí skirínì, ẹ fa ìmọ́lẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ títí ojú yẹn á fi jọ ojú tẹ́ ẹ mọ̀. Àwọn àgbàlagbà tẹ́ ẹ ní nílé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà.

Nígbà tí mo tẹ fọ́tò náà jáde, ilà ojú ìyá àgbà hàn, kókó oríṣiríṣi tó wà lára àdìrẹ wọn náà hàn. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. "Ẹ̀n-ẹ́n. Èmi nìyí." Wọ́n wá tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí aṣọ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá, wọ́n ní kí n má gbàgbé ibi tó wà.